Ṣé Yèyé Ń Bínú Mi Ni, Tàbí Wọ́n Bínú Sí Mi?

Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà,
Odòdé,
Ìdànrè.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kọkànlá, ọdún 1956.

Ẹ̀gbọ́n mi Mojọlá, ọmọ ìyá mi àtàtà,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ìsàlẹ̀ òkè níhìn-ín. Ṣé dáadáa ni ẹ wà? Búròdá Benedict ńkọ́? Ṣé ikọ́ tó ń yọ wọ́n lẹ́nu nígbà òjò ti fi wọ́n sílẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá Olúfúnmilọ́lá tí ẹ ní ó ti ń kàwé sókè bí ẹni pé òun ni àlùfáà? Ẹ bá mi fọwọ́ pa á lórí. Ẹ kú ooru Èkó, ẹ kú ariwo mọ́tò, ẹ kú iṣẹ́ ìránṣọ. A gbọ́ pé ẹ ti ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta báyìí. Inú wa dùn, a sì ń fi yín yangàn fún àwọn aládùúgbò.

Àwa náà wà. Òjò ti ń dá díẹ̀díẹ̀. Láàárọ̀, ìkùukùu máa ń bo orí àwọn òkè débi pé àlejò lè rò pé pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni a ń gbé. Kòkó ti pọ́n. Ẹní kòkó kún ìta ilé gbogbo, òórùn rẹ̀ sì ti wọ inú aṣọ wa. Ní ilé-ìwé wa ní Aládé, ọmọ pọ̀ ju bẹ́ǹṣì lọ láti ìgbà tí ìwé kíkà ti di ọ̀fẹ́. Àwọn kan ń jókòó sórí ilẹ̀, tí wọ́n fi itan ṣe tábìlì. Kíláàsì kẹrin ni wọ́n ní kí n máa kọ́ lọ́dún yìí.

Ǹ bá fẹ́ kí lẹ́tà yìí parí síbi ọ̀rọ̀ dídùn yìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tó rú mi lójú. Mo ti bi èyí, mo ti bi tọ̀hún, ńṣe ló túbọ̀ ń rú mi lójú sí i. Ọ̀rọ̀ Yèyé ni.

Ẹ ti lọ sílé ọkọ kí Oyèṣọlá tó kú, nítorí náà ẹ kò mọ bí ilé ṣe rí lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé òun nìkan ni Yèyé bí. Nígbà tí ìyá wa kú tí Yèyé, ẹ̀gbọ́n wọn, kó wa sọ́dọ̀, ẹni kan ni èmi àti Oyèṣọlá dà: orí ẹní kan là ń sùn, a jọ ń jà sí ìbòrí kan náà. Lọ́dún tí àwa méjèèjì yege láti lọ sí ilé-ìwé olùkọ́ ni ibà mú un. Kò pẹ́, kò jìnnà, ó lọ. Èmi nìkan ni mo wọ mọ́tò ní oṣù kìíní. Yèyé fúnra wọn ló di ẹrù mi. Aṣọ tí wọ́n ti rà sílẹ̀ fún Oyèṣọlá ni wọ́n kó sínú àpótí mi.

Lẹ́yìn ìgbà náà, àwọn ará ilé ní kì í ṣe ohun tó dára kí a máa fi orúkọ òkú ọmọ pe ìyá rẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe Yèyé ní Ìyá Yẹ́misí, nítorí èmi ni mo wà lọ́dọ̀ wọn. Yèyé kò dáhùn. Lọ́jọ́ kan lójú ọjà, wọ́n dúró gangan, wọ́n ní, “Oyèṣọlá ni mo bí. Orúkọ rẹ̀ ni kí ẹ máa fi pè mí.” Láti ọjọ́ náà, Ìyá Oyèṣọlá ni gbogbo Odòdé ń pè wọ́n, tọmọdé tàgbà.

Nígbà tí mo bímọ ní oṣù kẹjọ, tó jẹ́ obìnrin, kò sí orúkọ mìíràn tó wá sí mi lọ́kàn ju Oyèṣọlá lọ. Mo sọ ọ́ fún ọkọ mi, ó gbà. Ìyá ọkọ mi bi mí bóyá Yèyé mọ̀ sí i. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kó bá Yèyé lójijì, pé ẹ̀bùn ni mo fẹ́ fi ṣe fún wọn. Gbogbo ọjọ́ tó ṣáájú ìkómọ, Yèyé ló ń wẹ ọmọ náà. Wọ́n á nà án lápá, wọ́n á nà án lẹ́sẹ̀, wọ́n á fi àdín pa á lára, ọmọ á sì sùn bí ẹni tí kò ní jí mọ́. Lọ́jọ́ ìkómọ, Yèyé jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn, kànrìnkàn ọmọ ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Bàbá àgbà ilé ọkọ mi pe orúkọ náà. Àwọn obìnrin gbà á, wọ́n ń pè é léraléra. Mo ń wo ojú Yèyé kí n lè rí ẹ̀rín wọn. Wọ́n kàn ní, “Oyèṣọlá kẹ̀?” Wọ́n gbé kànrìnkàn kalẹ̀ rọra, wọ́n dìde, wọ́n ní orí ń fọ́ wọn. Wọ́n lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi, wọn kò padà wá mọ́. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Mo ránṣẹ́, wọ́n ní ara wọn le. Mo ní kí ẹni tí mo rán bá mi sọ fún Yèyé pé kí wọ́n má bínú, bí mo bá ṣe ohun tí kò tọ́. Kò sí èsì. Mo wá ń rò ó pé bóyá ẹ̀bi ọ̀rọ̀ náà ni, torí ẹ wo bí a ṣe ń lò ó. Bí a bá fẹ́ gba iwájú ẹnìkan kọjá, ẹ má bínú. Bí a bá fẹ́ tọrọ iyọ̀, ẹ má bínú. Bí ọkọ̀ bá kún, dírẹ́bà á yọrí lójú fèrèsé, á ní ẹ má bínú, á sì wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Ta ló tún ń gbọ́ ọ bí ẹ̀bẹ̀ mọ́?

Ohun tí kò jẹ́ kí n mọ ibi tí mo dúró ni pé Yèyé kò dáwọ́ oúnjẹ dúró. Ṣàngódèyí, ará ìhà Ọ̀yọ́ tó ń bá wọn ṣe oko kòkó wọn ní Atosin, tí wọ́n jọ ń pín ohun tí oko bá mú wá, ló ń gbé e wá: ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, epo, ewé ẹ̀fọ́ tí wọ́n ti já sílẹ̀ fún mi. Lọ́jọ́ kan ní oṣù kẹwàá, bó ti ń sọ ẹrù kalẹ̀, mo bi í pé, “Ṣàngódèyí, kí ló dé tí Yèyé kò wá wò wá?”

Ó họ orí. Ó wo ilẹ̀. Ó ní, “Ìyá ní àwọn ń bínú yín ni.”

Ìyá ọkọ mi wà ní yàrá, fèrèsé ṣí sílẹ̀. Wọ́n jáde pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn wọn. Wọ́n ní, “Kí lo wí? Tún un wí.” Ó tún un wí bó ti wí i tẹ́lẹ̀. Ìyá ọkọ mi kọjú sí mi, wọ́n ní, “O gbọ́? Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́. Ó ń bínú rẹ.”

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí wúwo. Bí ẹnìkan bá bínú sí mi, ó ní ohun tí mo ṣe fún un. N ó bẹ̀ ẹ́, inú rẹ̀ á rọ̀, ó parí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń bínú mi, kí ni n ó bẹ̀ ẹ́ fún? Ohun tí mo ní ló ń dùn ún, tàbí ohun tí mo dà, tàbí pé mo tilẹ̀ wà láyé rárá. Abínúẹni ni à ń pe irú wọn, àwọn tí a máa ń fi àdúrà lé sẹ́yìn ní gbogbo ilé, Àgùdà ni o, Ìjọ Gẹ̀ẹ́sì ni o. Báwo ni Yèyé, tó fi ọwọ́ ara wọn bọ́ mi dàgbà, ṣe di ẹni tí a ń fi orúkọ yẹn pè nínú ilé mi?

Mo lé Ṣàngódèyí bá lójú ọ̀nà. Mo bi í pé ṣé Yèyé ní àwọn ń bínú mi, tàbí wọ́n ní àwọn bínú sí mi. Ó dúró. Ó ní, “Mà, lẹ́nu àwọn ará ibí, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni mo máa ń gbọ́ já. Ìyá sọ ọ́ nígbà tí a ń fọ́ kòkó. Bí mo ti gbọ́ ọ ni mo ṣe sọ ọ́. Bó bá jẹ́ pé ó ṣìnà lẹ́nu mi, ẹ dárí jì mí.” Èmi fúnra mi, ṣé mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé mo mọ bí ‘sí’ yẹn ṣe máa ń hàn nínú èdè Ìdànrè wa, nígbà tí àgbàlagbà bá ń sọ̀rọ̀ kíákíá, tí iṣẹ́ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀?

Ní ilé-ìwé, mo fi ọ̀rọ̀ náà lọ Ọ̀gbẹ́ni Olúyínká tó ń kọ́ kíláàsì kẹfà, ará Ìbàdàn tó máa ń fi ọ̀rọ̀ Yorùbá ṣeré bí ẹni ń ta ayò. N kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó ní ó yàtọ̀ pátápátá, pé ‘sí’ yẹn ló ń fi ibi tí ìbínú dojú kọ hàn, pé bí a bá ti yọ ọ́ kúrò, gbogbo ara ẹni náà ni ìbínú bò mọ́lẹ̀. Inú mi bàjẹ́. Ó tún wá rẹ́rìn-ín, ó ní ṣùgbọ́n ìyàwó òun náà máa ń wí pé, ‘Mò ń bínú yín,’ bí òun bá pẹ́ délé, pé ẹnu a máa gbé ‘sí’ mì bí ẹní gbé òkèlè. Mo ní èwo ni ká wá mú? Ó ní ó kù sí ojú ẹni tó ń sọ ọ́. Ojú Yèyé sì ni n kò rí.

Mo kọ ‘bínú’ sójú pátákó fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, mo ní kí wọ́n fi ṣe gbólóhùn. Ọmọkùnrin kan dìde, ó ní, “Tíṣà bínú sí mi nítorí pé mo pẹ́ dé.” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, torí ó pẹ́ dé lóòótọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Òmíràn ní, “Bàbá bínú, wọn kò jẹun.” Òmíràn ní, “Ẹ má bínú, ẹ yá mi ní pẹ́ńsù.” Ọmọbìnrin kan wà tó ń jókòó sẹ́bàá fèrèsé, tí kì í sábà sọ̀rọ̀. Ó dìde, ó ní, “Ìyàwó bàbá mi ń bínú mi.” Mo ń retí kó fi ‘nítorí’ kún un bíi ti àwọn yòókù. Ó ti jókòó. Mo ní, “Nítorí kí ni?” Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ó ní, “Mà, wọ́n kàn ń bínú mi ni.”

N kò lè kọ́ wọn ní nǹkan mìíràn títí agogo fi lù.

Lẹ́yìn èyí ni ara ọmọ gbóná. Ibà tó mú un kò ṣeé fẹnu sọ. Ó kọ ọmú, ó ń sunkún láìsí omi lójú, nígbà tó yá kò tilẹ̀ sunkún mọ́. Ọkọ mi gbé wa lọ sí ọsibítù ní Àkúrẹ́. Ọlọ́run ṣe é, abẹ́rẹ́ bá ibà náà, a sì gbé e wálé pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá ọkọ mi ti so ọ̀rọ̀ pọ̀ kí a tó dé. Wọ́n ní ẹni tó ní òun ń bínú ìyá ni yóò ṣe ọmọ ní ibi. Àwọn obìnrin ilé ń mi orí, wọ́n ń sọ pé àwọn rí bí Yèyé ṣe dìde lọ́jọ́ ìkómọ. Ọkọ mi tó kàwé, tó mọ̀ pé ẹ̀fọn ló ń fa ibà, òun náà wá ní, “Títí a ó fi mọ ohun tó wà nínú Yèyé, kí wọ́n má dé ibí. Kí a má sì jẹ ohun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́.” Wọ́n kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà nílẹ̀ fún ewúrẹ́. Mo dúró, mo ń wo ewúrẹ́ tó ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ Yèyé, mo sì ń bi ara mi léèrè bóyá èmi náà gbà á gbọ́. Kí n má purọ́ fún yín, n kò mọ̀. Bí mo bá gbé ọmọ sọ́wọ́, mo gbà á gbọ́. Bí mo bá rántí ọwọ́ Yèyé, n kò gbà á gbọ́ mọ́.

Ní Sátidé tó kọjá, mo ní mò ń lọ sọ́jà. Atosin ni mo lọ. Mo bá Yèyé níwájú abà, wọ́n ń fi igi tú kòkó ká lórí ẹní. Wọ́n ti rù sí i. Mo kúnlẹ̀, wọ́n ní kí n dìde, pé ilẹ̀ tutù, pé ẹni tó ń fún ọmọ lọ́mú kì í kúnlẹ̀ sínú ìrì. Èdè wa ni a fi sọ gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ yìí o. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ tiwa sílẹ̀, nítorí náà mo fi ti ìwé kọ ọ́, ẹ̀yin náà ẹ dá a padà sí ohùn Yèyé nínú etí yín.

Mo ní, “Yèyé, Ṣàngódèyí ní ẹ ń bínú mi.”

Wọ́n ní, “Bẹ́ẹ̀ ni mo wí.”

“Ṣé kì í ṣe pé ẹ bínú sí mi?”

Wọ́n ń tú kòkó lọ. Wọ́n ní, “Yẹ́misí, bó bá jẹ́ pé mo bínú sí ọ ni, ǹ bá ti wá sílé rẹ. Ǹ bá ti bú ọ níwájú ọkọ rẹ. Ò bá ti bẹ̀ mí, ǹ bá sì ti gbà. Kí lo ṣe fún mi tí n ó fi bínú sí ọ? O sọ ọmọ rẹ lórúkọ. Ta ló ń bínú sí ẹni tó sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ?”

Mo ní, “Kí ló wá dé?”

Wọ́n dá igi dúró. Wọ́n ń ṣa àwọn hóró tí kò dára sọnù, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yá wọ́n ní, “Lọ́jọ́ ọjà kan, mò ń ra iyọ̀. Ẹnìkan pe Ìyá Oyèṣọlá. Mo dáhùn, mo sì yíjú padà. Ìwọ ni wọ́n ń pè. O ò rí mi. O ń rẹ́rìn-ín lọ bá wọn, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ. Oníyọ̀ ń wò mí.” Wọ́n mí kanlẹ̀. “Ilé-ìwé tí ẹ̀yin méjèèjì ì bá jọ lọ, ìwọ lo lọ. Mo ní kò burú. Aṣọ tí mo rà sílẹ̀ fún un, èmi ni mo kó o fún ọ. O fẹ́ ọkọ, mo jó. O bímọ, mo wẹ̀ ẹ́. Orúkọ tí wọ́n fi ń pè mí nìkan ló kù lọ́wọ́ mi. Ìyẹn náà lo tún wá gbà.”

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbọ́ ná. Mo fẹ́ fi ṣe ẹ̀bùn fún wọn ni. Ọlọ́run rí mi. N kò ronú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé bí mo bá sọ ọmọ mi ní Oyèṣọlá, èmi ni n ó máa jẹ́ Ìyá Oyèṣọlá.

Mo ní kí a pààrọ̀ orúkọ náà, pé ọmọ ní orúkọ mẹ́ta mìíràn. Yèyé gbójú sókè, ojú wọn le. “Ta ló ní kó o pààrọ̀ rẹ̀? Kí wọ́n lè wí pé mo gba orúkọ lọ́wọ́ ọmọ jòjòló?” Mo ní, “Ẹ má bínú, Yèyé.” Wọ́n ní, “Má sọ ìyẹn fún mi. Ìyẹn wà fún ẹni tó bínú sí ènìyàn. Èyí tó wà nínú mi yìí, kò gbọ́ ‘má bínú’. Mo ti sọ ọ́ fún un fúnra mi, kò gbọ́.”

Mo wá ní kí n sọ èyí tó bà mí lẹ́rù jù. Mo sọ pé ara ọmọ gbóná, pé a gbé e dé Àkúrẹ́, mo sì sọ ohun tí wọ́n ń wí nílé. Igi bọ́ lọ́wọ́ wọn. “Ara rẹ̀ ti yá?” Mo ní ó ti yá. “Ó ń mu ọmú?” Mo ní ó ń mu ún. Wọ́n jókòó sílẹ̀, lórí kòkó gan-an. Mo rò pé wọ́n á bèèrè ẹni tó fi orúkọ wọn sínú ọ̀rọ̀, mo rò pé wọ́n á sunkún. Wọ́n ní, “Ta ló ń wẹ̀ ẹ́?” Mo ní ìyá ọkọ mi ni. “Ṣé wọ́n ń fọ abẹ́ ọrùn rẹ̀ dáadáa? Ibẹ̀ máa ń bó. Kí omi má gbóná jù o. Apá òsì rẹ̀ yẹn, kí wọ́n máa nà án pẹ̀lẹ́.” Mo bá wọn kó kòkó tó fọ́n ká padà sórí ẹní, mo sì wá sílé.

Nígbà tí mo délé, mo jókòó níwájú ọkọ mi àti ìyá rẹ̀. Mo ní, “Mo ti rí Yèyé. Wọ́n bínú sí mi ni, nítorí n kò bi wọ́n léèrè kí n tó fi orúkọ ọmọ wọn sọ ọmọ mi. Mo ti tọrọ àforíjì.” Bí mo ṣe wí i nìyẹn, ẹ̀gbọ́n mi. Mo ki ‘sí’ bọ inú rẹ̀.

Ẹ wá wo ojú ìyá ọkọ mi bó ṣe yí padà. Wọ́n ní, “Bínú sí ọ? Há à, ìyẹn yàtọ̀! Èmi gan-an ì bá bínú sí ọ. Ṣé n kò bi ọ́ léèrè bóyá ó mọ̀ sí i?” Ọkọ mi mí bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kúrò lórí rẹ̀. Ní kíá, gbogbo ẹ̀bi bọ́ sórí Ṣàngódèyí, pé ará Ọ̀yọ́ kò gbọ́ èdè wa, ó sì fẹ́ fi ẹnu rẹ̀ da ilé rú. Nígbà tó tún gbé epo wá lọ́jọ́ Ajé, ìyá ọkọ mi bá a wí gidigidi. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀. Òun nìkan ló sì sọ ọ̀rọ̀ náà bí Yèyé ti sọ ọ́. Mo sìn ín dé ẹ̀yìn ilé, mo ní, “Ṣàngódèyí, o kò ṣì í gbọ́.” Ó wò mí títí. Ó ní, “Mo mọ̀, mà.” Ó gbé agbọ̀n rẹ̀ tó ṣófo, ó lọ. Títí di òní ni ìtìjú rẹ̀ ń mú mi.

Ní Ọjọ́rú ni Yèyé wá. Ìyá ọkọ mi pàdé wọn lójú ọ̀nà, wọ́n dì mọ́ra, wọ́n ń kí ara wọn bí ẹni pé ìrìn àjò ni ẹnìkan lọ. Omi ti wà lórí iná. Yèyé jókòó sórí àpótí, wọ́n na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, wọ́n tẹ́ aṣọ sí itan. Kí wọ́n tó gba ọmọ, wọ́n wo yíká bóyá àwọn tó kù ti wọlé. Wọ́n ní, “Kí lo sọ fún wọn?”

Mo ní, “Mo ní ẹ bínú sí mi ni.”

Wọ́n mi orí díẹ̀. N kò mọ̀ bóyá wọ́n fẹ́ rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Ṣùgbọ́n ìwọ mọ̀ pé ó ṣì wà níbẹ̀.”

Mo ní, “Mo mọ̀, Yèyé.”

Wọ́n na ọwọ́. Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ wà láyà mi, omi ń rú èéfín, obìnrin tó fi ẹnu ara wọn sọ fún mi pé àwọn ń bínú mi na ọwọ́ méjèèjì sí mi. Bí ẹlòmíràn bá ròyìn rẹ̀ fún mi, ǹ bá ní kí ìyá ọmọ náà sá. Mo gbé ọmọ náà fún wọn.

Wọ́n wẹ̀ ẹ́. Wọ́n fọ abẹ́ ọrùn rẹ̀. Wọ́n na apá òsì rẹ̀ pẹ̀lẹ́. Wọ́n ti wá láràárọ̀ láti ìgbà náà, àárọ̀ yìí náà wọ́n wá. Wọn kò tí ì pe orúkọ rẹ̀ rí. “Ìwọ yìí” ni wọ́n ń pè é, ọmọ náà sì ń rẹ́rìn-ín sí wọn ju bó ṣe ń rẹ́rìn-ín sí mi lọ.

Ẹ̀yin lẹ ti mọ̀ wọ́n pẹ́ jù mí lọ, ẹ sọ fún mi: ṣé irọ́ ni mo pa nílé ọkọ mi? Ṣé ènìyàn lè máa bínú ẹni kó sì tún fẹ́ràn ẹni, kí méjèèjì jẹ́ òótọ́ lọ́jọ́ kan náà? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni à ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀? Mo ti wá orúkọ rẹ̀ tì. Bí ẹ bá ráyè wálé ní Kérésìmesì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá. Yèyé á sọ fún yín ohun tí wọn kò lè sọ fún mi.

Ẹ bá mi kí Búròdá Benedict àti àwọn ọmọ iṣẹ́ yín. Ọkọ mi kí yín, ìyá rẹ̀ kí yín púpọ̀. Nígbà tí mo sọ fún Yèyé pé mò ń kọ̀wé sí yín, wọ́n ní kí n kí yín, kí n sì sọ pé ara àwọn le. Àwọn ni wọ́n gbé ọmọ dání nígbà tí mò ń kọ ìdajì lẹ́tà yìí, òun ló jẹ́ kí ọwọ́ mi dilẹ̀.

Èmi àbúrò yín tí ojú rẹ̀ ń ṣọ́nà,

Joanna Olúyẹ́misí.